Láàárín Ìlà

Òjò Bethesda kì í kéde pé òun ń bọ̀,
ó kàn máa ń wà níbẹ̀ ni, bí àna ẹni.
Lórí òrùlé síléètì tó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja
ó ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná,
bàbá àgbà mi, Idwal, sì jókòó sídìí tábìlì,
ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó ń wò ó
bí ẹni ń wo ajá tí kò gbọ́ràn mọ́.

Ọwọ́ yìí la òkúta fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ọwọ́ yìí ló ń gbẹ́ ṣíbí onígi fún Tegwen
lọ́dọọdún, kí ọjọ́ Dwynwen mímọ́ tó pé,
ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kìíní,
tí àwọn olólùfẹ́ ilẹ̀ Wales ń fún ara wọn lẹ́bùn.
Ṣíbí mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà lára ògiri.
A ò fi ọ̀kankan jẹun rí.
Lọ́dún yìí, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní, "Ó tó,"
ó lọ fi báńdéèjì di àtàǹpàkò.

Mabli, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà,
ń kun ìwé àwòrán tí wọ́n fún un nílé ìwé:
ọkàn méjì, ẹyẹ méjì, òdòdó tó ti pọ̀ jù,
gbogbo rẹ̀ ìlà dúdú lásán, inú rẹ̀ ṣófo.
Ahọ́n rẹ̀ yọ sẹ́bàá ètè.
Bàbá wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù.
"Àwòrán tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀, tí ẹlòmíràn parí,
ta ló ni ín?"
Mabli ò gbójú sókè. "Ẹni tó ni pẹ́ńsùlù."

Ìgbà náà ni bàbá fa bébà kan yọ.
Ìlà rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rí wúruwùru bí ipasẹ̀ adìyẹ,
ṣùgbọ́n mo mọ afárá náà, mo mọ kẹ̀kẹ́ náà,
mo mọ̀ pé ọmọbìnrin tó gùn ún lẹ́yìn,
tí irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìyá àgbà ni.
Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ wọ ẹ̀wù òjò gígùn.
Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Nílé ìtọ́jú arúgbó, Tegwen ò mọ orúkọ wa mọ́.
Èmi ni "nọ́ọ̀sì". Bàbá ni "ọ̀gbẹ́ni yẹn".
A tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀,
a da pẹ́ńsùlù sílẹ̀ bí igi ìṣáná.
Ó kun odò. Ó kun irun ara rẹ̀, pupa bí ata.
Ó fi òkè sílẹ̀: "Ìkùukùu bò ó lọ́jọ́ náà."
Ó wá mú àwọ̀ ìyeyè, ó dojú kọ ẹ̀wù.

"Dúdú ni," bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́,
"Tegwen, ẹ̀wù mi dúdú ni."
Kò dá a lóhùn. Ó ń kùn ún lọ,
ó kọjá ìlà níbi apá, ó padà,
ó kun bọ́tìnnì mẹ́ta, kò fọwọ́ kan ìkẹrin.
"Èyí já," ó ní. "Ó ní òun á rán an. Kò rán an."

Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá di orúnkún rẹ̀ mú, kò fọhùn.
Ó di ìgbà tí a yà sí ọ̀nà Gerlan:
"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo yá a wọ̀ ni,
kí ó lè rí mi lókèèrè nínú òjò."

Nígbà tí a délé, ó ń wá abẹ́rẹ́.
Ẹ̀wù yẹn ti di àkísà kí wọ́n tó bí mi,
kò sí ohun tó fẹ́ rán.
Ó ṣáà ń wá a.